Ìgbá mẹ́ta lórí gíríìnì: kí ló ń fà á?

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Òkè Bálógun ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn ló sì fà wọ́n wọ inú gọ́ọ̀fù. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo lè gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí gíríìnì, ìyẹn ojú ibi tí ihò wà, láìsí wàhálà púpọ̀, kódà àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí a jọ ń gbá a máa ń kan sáárá sí mi. Àmọ́ tí mo bá ti gun gíríìnì báyìí, ó di ìgbá mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin, kí bọ́ọ̀lù tó wọ ihò. Èyí tó bá wà nítòsí ló ń dójú tì mí jù, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Kádì mi, ẹni tó ń bá mi gbé igi gọ́ọ̀fù, ní mo máa ń tètè gbé orí sókè. Ọ̀rẹ́ mi ní pọ́tà mi, igi tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì, ló ti gbó, ó fẹ́ ta tirẹ̀ fún mi, owó rẹ̀ ò sì kéré. Èmi fúnra mi ń rò ó pé bóyá ọjọ́ orí ló dé. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú akitiyan. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: iṣẹ́ ńlá tí ẹ ti ṣe bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orí gíríìnì ló ti ń bàjẹ́, ẹni mẹ́ta sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Kádì ní orí ni, ọ̀rẹ́ ní irinṣẹ́ ni, ẹ̀yin ní ọjọ́ orí ni. Mi ò ní sọ pé ẹnì kankan nínú wọn parọ́, àmọ́ kò sí èyí tó kan ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ìgbá àkọ́kọ́, èyí tó jìnnà, ló ń ṣẹ̀. Èyí tó wà nítòsí kàn ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.

Iye ìgbá tí wọ́n là sílẹ̀ fún pápá oníhò 18 sábà máa ń jẹ́ 72. Wọ́n ti ka ìgbá 2 lórí gíríìnì mọ́ ọn fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé 36 nínú 72, ìdajì gééré, pọ́tà ló ni ín. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbáradì láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ibi ìgbá ọlọ́nà jíjìn ni gbogbo wọn pé lé, tí gíríìnì ìdánrawò á sì ṣófo. Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i, nítorí pé níbi tí agbára ò ti ní ọlá kankan, tí obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ti lè na ọmọ ogún ọdún ní gbangba, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ bi ara yín léèrè: èyí tí ẹ ń pè ní "nítòsí" yẹn, báwo ló ṣe jìnnà tó? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn a ní, "Kò tó nǹkan." Tí a bá wá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, a bá a ní ẹsẹ̀ bàtà 6, 7, tàbí 8. Èyí kì í ṣe nítòsí rárá. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbá a lójoojúmọ́ lórí gíríìnì tó jọ̀lọ̀ bíi tábìlì, nǹkan bí ìdajì péré ni wọ́n ń gbá wọlé láti ẹsẹ̀ bàtà 8. Láti ẹsẹ̀ bàtà 3, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó tàsé. Tó bá wá di ẹsẹ̀ bàtà 20, nínú 100, nǹkan bíi 15 ló ń wọlé fún wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá tàsé láti ẹsẹ̀ bàtà 7, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, ta ló fi bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ bàtà 7? Ìgbá tó ṣáájú ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ kún un, torí pé olùkọ́ ni yín. Láti 1891 ni R&A, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, ti fi ìwọ̀n ihò múlẹ̀ ní íńṣì 4.25. Bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kéré sí íńṣì 1.68 ní ìbú. Ẹ gbà pé bọ́ọ̀lù yín wà ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tí ojú pọ́tà sì yà kúrò lójú ọ̀nà ní dígírì 1. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá fi dé ẹ̀gbẹ́ ihò, nǹkan bí íńṣì 6 péré ló máa fi yà. Ká tiẹ̀ ní ojú pọ́tà yà ní dígírì 3, èyí tó burú gan-an, kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ lọ dáadáa. Ẹ wá wo ti agbára: kò ṣòro rárá kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ bàtà 30 kó dúró sí 22, tàbí kó kọjá lọ sí 38. Ẹsẹ̀ bàtà 8 nìyẹn, ní ẹ̀yìn tàbí ní iwájú. Ẹ rí i báyìí pé láti ọ̀nà jíjìn, apá ọ̀tún àti apá òsì kọ́ ni ọ̀tá yín. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ojú kan wo ihò, wọ́n á bi kádì léèrè bóyá ó ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń bi ara rẹ̀ pé báwo ni mo ṣe máa gbá a le tó.

Ohun kan tún wà tí agbára ń ṣe. Bọ́ọ̀lù tó bá rọra ń kú lọ sẹ́nu ihò lè gba iwájú wọlé, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nígbà míì ó máa yí ká ẹnu ihò kó tó já sínú. Èyí tó bá sáré dé, àfi kó bọ́ sí àárín gbùngbùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fò ó kọjá. Ihò kan náà ni, àmọ́ bí eré bọ́ọ̀lù ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Bọ́ọ̀lù tí kò sì dé ibẹ̀ kò lè wọlé. Nítorí náà, láti ibi tí ẹ bá ti lè retí pé yóò wọlé, bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó ní ìwọ̀nba agbára tí yóò gbé e kọjá ihò díẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan, tó bá tàsé. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹ gbàgbé ihò. Ẹ fi ojú inú ya òbìrí kan yí i ká, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbá bọ́ọ̀lù sínú òbìrí náà. Tó bá wọ ihò, ẹ dúpẹ́. Ẹ má gbójú lé e.

Báwo la ṣe ń kọ́ agbára yìí? Ẹ lọ wo ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà. Bí ẹ bá ní kó bu kóńgò kan, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó bù ú. Kò ronú nípa iṣan apá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gọ́ọ̀fù ṣe ń mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ jẹ́ kí ojú bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á fa pọ́tà sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ọ̀nà, tí wọ́n á wá fi ọrùn ọwọ́ fún bọ́ọ̀lù ní ìgbátí tí ọ̀nà bá jìn. Ìgbátí yẹn lónìí kì í bá ti ọ̀la dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ sinmi, kí èjìká máa ju apá méjèèjì lọ síwájú sẹ́yìn. Tí ọ̀nà bá kúrú, kí pọ́tà má lọ sẹ́yìn púpọ̀. Tí ọ̀nà bá gùn, kó lọ sẹ́yìn dáadáa. Àmọ́ kí ìyára ọwọ́ má yí padà. Kí ẹ tó gbá a, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ kọjú sí ihò, kì í ṣe sí ilẹ̀, kí ẹ sì ju pọ́tà lófìfo lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta títí ọwọ́ yóò fi sọ fún yín pé èyí ló tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá a láìfi àkókò ṣòfò, kí ìmọ̀lára náà má bàa tutù.

Gíríìnì fúnra rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú gọ́ọ̀fù nílẹ̀ wa á rántí brown, ìyẹn yanrìn tí wọ́n po mọ́ epo, tí ọ̀pọ̀ pápá lò dípò koríko. Lórí yanrìn, kò sí koríko tó ń fa bọ́ọ̀lù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan bá kọ́ gọ́ọ̀fù lórí brown tó wá lọ gbá a lórí koríko, bíi ti Lakowe Lakes lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹnu á yà á, nítorí pé koríko ní orí àti ẹ̀yìn. Bermuda àti paspalum ló wọ́pọ̀ lórí gíríìnì ilẹ̀ olóoru, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú pápá yín léèrè èyí tí wọ́n gbìn. Bermuda pàápàá máa ń sùn sí apá kan. Tí ẹ bá dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù tí koríko ń dán, tó funfun díẹ̀ lójú, ó kọ ẹ̀yìn sí yín, bọ́ọ̀lù á sáré. Tó bá dúdú tí kò dán, orí rẹ̀ ló kọ sí yín, bọ́ọ̀lù á lọ́ra. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ lọ wo ẹnu ihò fínnífínní. Ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan mú ṣáṣá, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì rí játijàti, tó ti gbẹ, tí gbòǹgbò ń yọ. Apá tó rí játijàti yẹn ni koríko ń sùn lọ. Mo fẹ́ràn láti máa fi èyí han àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, nítorí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Wákàtí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa fa omi lẹ́yìn, kò ní lọ jìnnà. Tí oòrùn bá mú un gbẹ, á yára. Tó bá fi máa di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, koríko ti hù díẹ̀ sí i, ó tún lè padà lọ́ra. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi agbára kún un. Nínú ọyẹ́, ẹ dín in kù. Àwọn tó ń tọ́jú pápá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìyára gíríìnì, Stimpmeter ni wọ́n ń pè é. Edward Stimpson ló ronú kàn án ní 1935 ní Amẹ́ríkà: irin tó ní kòtò lójú, tí wọ́n á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ti orí rẹ̀ yí sílẹ̀, kí wọ́n tó wọn iye ẹsẹ̀ bàtà tó yí lọ. Ẹ kò nílò ọ̀kan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ yí bọ́ọ̀lù mẹ́ta lórí gíríìnì ìdánrawò láti ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ẹ ó ti mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Ti ìdagẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹ má dúró sójú kan wò ó. Ẹ rìn lọ sí àárín ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sọ ibi tó ga fún yín. Ẹsẹ̀ kì í sábà purọ́ bí ojú. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń rẹ̀ ló ń yà jù, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan tó kẹ́yìn, nítòsí ihò, ni kí ẹ wò dáadáa ju ibi tí bọ́ọ̀lù wà lọ.

Ó wá kan èyí tó wà nítòsí lóòótọ́, ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4. Níbí, ojú pọ́tà ni ọba. Ibi tó bá kọjú sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù máa gbà lọ, ju ipa ọ̀nà tí ọwọ́ gbà lọ fíìfíì. Ẹ ri tíì méjì, igi kékeré tí a máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé, mọ́lẹ̀ síwájú bọ́ọ̀lù, kí àlàfo àárín wọn fi díẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, kí ẹ sì máa gbá a gba àárín wọn láìkàn wọ́n. Èyí á sọ òtítọ́ fún yín ju kádì mẹ́wàá lọ. Ní ti orí tí ẹ ń tètè gbé, kádì yín rí nǹkan, àmọ́ àmì ló rí. Ìbẹ̀rù ló ń gbé orí sókè, ẹ fẹ́ tètè mọ̀ bóyá ó wọlé. Bí wọ́n bá kàn ń pariwo "Ẹ má gbé orí!", ara yín á le gbagidi, á sì tún burú sí i. Joan Vickers, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, ṣe ìwádìí lórí ojú àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń tẹ ojú mọ́ ojú kan lára bọ́ọ̀lù pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, wọn a sì tún fi ojú sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ. Nítorí náà, dípò kí ẹ máa bá orí jà, ẹ fún ojú níṣẹ́: ẹ wá àmì dúdú kan lára bọ́ọ̀lù, ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ sì máa wo koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kúrò. Ẹ jẹ́ kí etí gbọ́ ọ nígbà tó bá já sínú ihò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n gba sùúrù, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu gbá a dànù. Tí ọwọ́ náà bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá gbé ife tíì tàbí nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn kọjá ọwọ́ kóòṣì. Tó bá jẹ́ orí gíríìnì nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn agbágọ́ọ̀fù aláwọ̀ funfun ń pè é ní yips. Àwọn oníwádìí ti rí i pé ẹ̀rù ló ń fà á fún àwọn kan, nígbà tó jẹ́ pé iṣan ọwọ́ ló ń ya pòkíì fún àwọn mìíràn. Bernhard Langer, ọmọ Jámánì, jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà wá bá a. Ó yí bó ṣe ń di pọ́tà mú padà lóríṣiríṣi, ó fi ọwọ́ òsì sí ìsàlẹ̀, ó tún lo pọ́tà gígùn. Ó gba ìdíje ńlá Masters ní 1985 àti 1993, ó sì gba US Senior Open, ìdíje àwọn àgbà, ní 2023 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 65. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ dán an wò kí ọwọ́ òsì wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lókè, bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ó máa ń mú kí ọrùn ọwọ́ dákẹ́. Yóò kọ́kọ́ ṣàjèjì sí yín, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ẹ bá lo pọ́tà gígùn, òfin gbà á, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2016 ni wọ́n ti fòfin dè é pé kí èèyàn fi ìdí rẹ̀ ti àyà tàbí ikùn nígbà tó bá ń gbá a. Mi ò lè ṣèlérí pé ó máa tán pátápátá. Ó máa ń dín kù, pàápàá tí ìgbá àkọ́kọ́ bá ti ń dúró nítòsí ihò débi pé kò sí ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù mọ́.

Nílé, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ sílẹ̀, torí sìmẹ́ńtì á yára jù. Ẹ fi páálí ìṣáná kan sí ibi ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù lù ú ní alaalẹ́, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá tó. Ó kéré ju ihò lọ, nítorí náà tí ẹ bá dé pápá, ihò á fẹ̀ lójú yín. Lórí gíríìnì ìdánrawò, ẹ má gbá a sí ihò rárá ní ìdajì àkókò yín. Ẹ gbá a sí etí gíríìnì, kí bọ́ọ̀lù dúró kó tó bọ́ sínú koríko gíga, láti ẹsẹ̀ bàtà 20, kó di 30, kó di 40. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, ẹ gbá a, kí ẹ sì sọ jáde kí ẹ tó lajú: "Ó kúrú," tàbí "Ó kọjá." Ìgbà tí ohun tí ẹ sọ bá ti ń bá ohun tí ẹ rí mu, ọwọ́ yín ti ń gbọ́ èdè ojú nìyẹn. Nínú eré gan-an, ẹ rántí pé láti 2019 ni òfin ti gbà kí ẹ fi ọ̀pá àsíá sílẹ̀ nínú ihò tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì. Èmi a máa fi í sílẹ̀ tí ọ̀nà bá jìn, torí pé ó ń ran ojú lọ́wọ́ láti mọ bó ṣe jìnnà tó. Òfin ọdún kan náà ló gbà kí ẹ tún ojú ẹsẹ̀ tí bàtà fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà yín ṣe. Ẹ sì bẹ kádì kó yé sọ̀rọ̀ orí; kó máa sọ iye ẹsẹ̀ bàtà fún yín, àti bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀.

Ó ku ti ọ̀rẹ́ yín àti pọ́tà rẹ̀. Pọ́tà kì í gbó bí bàtà. Bí ojú rẹ̀ kò bá tẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ kò sì wọ́, ó ṣì wúlò. Ohun tó lè má bá yín mu ni gígùn rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ íńṣì 34 tàbí 35, ó sì lè gùn jù fún obìnrin tí kò ga púpọ̀. Ẹ dúró bí ẹni fẹ́ gbá a, ẹ mú bọ́ọ̀lù kejì dání, ẹ jù ú sílẹ̀ láti àárín ojú yín. Tó bá já lé bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀, tàbí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, kò sí wàhálà. Tó bá já sítòsí ẹsẹ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí pọ́tà gùn jù, ẹni tó ń tún igi gọ́ọ̀fù ṣe sì lè gé e kúrú ní owó tí kò tó ti pọ́tà tuntun. Tí èyí tí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ tà bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ní kó yá yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi òun àti ti àtijọ́ gbá bọ́ọ̀lù ogún ogún láti ẹsẹ̀ bàtà 30, kí ẹ sì ka iye tó dúró sínú òbìrí ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ìyàtọ̀ bá hàn, ẹ ra á. Bí kò bá hàn, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ fi owó náà san ti kóòṣì tó máa dúró tì yín wo ọwọ́ yín fún wákàtí mélòó kan, nítorí pé ohun tí ojú máa rí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí lẹ́tà lè sọ fún mi lọ.